Èdè Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Rárá o, Plamen! Má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀! O wọlé mi lọ́jọ́ tí à ń ṣe ogójì ọjọ́ Krum ọkọ mi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi sàréè dé, àlìkámà bíbọ̀ tí a fi ń rántí òkú ṣì wà lórí tábìlì, o jókòó, o ò tíì bọ́ kóòtù, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ ni pé kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ ti dákẹ́? Áà! Ìwọ ọmọ tí mo mọ ìyá rẹ̀!

Mo gbọ́. Òtútù ń mú ará ìlú, ẹ̀rọ tó ń fi omi gbígbóná ránṣẹ́ sílé wọn ò mọ ilé tó máa rán an sí. Ṣé èmi ni mo ní kí yìnyín máa bọ́ ni? Mi ò bínú o. Mo fẹ́ bínú, ìbínú ò wá. Ara mi ti kú típiri látọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àfi bíi pé aládùúgbò ló ń sọ ọ́.

O mọ ọjọ́ tí mò ń wí, má wolẹ̀. Ẹ pè mí pé ẹ fẹ́ ṣí omi gbígbóná fún ìgbà òtútù, pé Kóbọ́ọ̀lù, èdè àtijọ́ tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà yẹn sọ̀rọ̀, ti ta kókó, pé èmi nìkan ló gbọ́ ọ. Krum wà lórí ibùsùn, ó ní, "Radka, máa lọ, wọ́n á máa gbọ̀n." Mo lọ. Mo tú kókó yín. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi! Nígbà tí mo délé, Krum ti lọ, kọfí tí mo gbé tì í ti tutù. Ta ló máa tú kókó ìyẹn fún mi?

Ṣebí mo ti fẹ̀yìn tì? Lọ́jọ́ tí mo ń dágbére fún yín, mo gbé banitsa, oúnjẹ oníwàràkàṣì tí mo fọwọ́ ara mi yan, àti rakia, ọtí líle ilẹ̀ wa, wá, torí nílẹ̀ wa ẹni tó ń lọ ló ń ṣe àwọn tó kù lálejò. Ẹ jẹ, ẹ mu, ẹ fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ẹ pè mí! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e mo tún yan banitsa, mo ní bóyá iyọ̀ ti àkọ́kọ́ ni ò tó. Ẹ tún jẹ ẹ́ tán, ẹ tún pè mí. Irú ìfẹ̀yìntì wo là ń jẹ lẹ́ẹ̀mejì?

Kí lo wí? Pé ẹ rán èèyàn wá kọ́ Kóbọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ mi? Ẹ rán wọn o! Desislava kọ́ ọ, ọpọlọ ọmọ náà jí pépé, ó sì sá lọ. Ó ní, "Màmá Radka, tí mo bá mọ èdè yìí tán, ta ni mo fẹ́ bá sọ ọ́?" Kò purọ́. Páítọ̀nù, èdè kọ̀ǹpútà ìwòyí tí gbogbo wọn ń sáré tẹ̀ lé, ṣé ó gbọ́n ju tiwa lọ ni? Ẹni tó bá kọsẹ̀ nínú rẹ̀ á figbe ta, àìmọye èèyàn á dá a lóhùn. Ẹgbẹ́ ló ń mú èdè tàn, kì í ṣe ẹwà. Èmi, tí mo bá kọsẹ̀, Krum nìkan ni mò ń pè, àwa méjèèjì la jọ fi Kóbọ́ọ̀lù kọ ètò tí kọ̀ǹpútà yín ń tẹ̀ lé nígbà tí irun wa ṣì dúdú. Ohun tó sì mú un pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má pè é ní ìfẹ́ o. Ẹ̀rù ni! Ọ̀gá tó bá dé á ní òun máa pààrọ̀ rẹ̀, á wo iye ilé tó so mọ́ ọn, á ní kó di ọdún tó ń bọ̀, ṣebí Radka ṣì wà. Èmi tí mo fẹ̀yìn tì, èmi lẹ wá fi ṣe ògiri!

Hà! Ó ń pòwe fún mi! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ti kúrò lọ́jà, Plamen! Ó ti délé, ó ti bọ́ bàtà, ó ti di opó.

Ẹ̀yin náà lẹ sì máa ń sọ ọ́ nípàdé pé èdè òkú ni. Mo ti rí òkú, ọmọ mi. Èmi ni mo pa ojú Krum dé. Látọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tíì pe Krum wá síbi iṣẹ́. Èyí tí ẹ ń pè lójoojúmọ́, tí ìlú ò lè móoru bí kò bá sọ̀rọ̀, báwo ló ṣe jẹ́ òkú? Bó bá sì jẹ́ òkú lóòótọ́, kí ló dé tí ẹ ò sin ín?

Mú ṣíbí yẹn. Jẹ àlìkámà náà, kí o sì sọ pé kí Ọlọ́run forí ji Krum, o ò tíì sọ ọ́ látìgbà tó o ti wọlé. Ẹn-ẹ́n. O ṣé. Kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ, ilẹ̀kùn nìyẹn. Mo ti sin òkú tèmi. Ẹ lọ sin tiyín.