Bàbá Mi Ni Ìwé Mi

Ẹ̀yìn bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ni mo jókòó sí nínú ọkọ̀ tó ń ti Pobè lọ sí Sakété, nígbà tí òmìnira Dahomey ṣì tuntun, tí mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ara bàbá náà kò balẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní o ti fi ẹ̀kọ́ ìtàn sílẹ̀ ní yunifásítì Dakar. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, bàbá. Ẹ̀kọ́ òfin ni mo ń kọ́ báyìí. Àwọn tó mọ òfin ni ìjọba ń wá."

"Àwọn àgbà ìlú wa ní Igana ń retí rẹ. Mo ti sọ fún wọn pé ìwọ ni yóò kọ bí a ṣe sá wọ àbàtà nígbà tí àwọn Faransé ń kó èèyàn lọ sógun. Kí ni kí n wí fún wọn?"

"Mo kọ ọ́, bàbá. Olùkọ́ béèrè ìwé tí mo ti rí i. Mo ní, 'Bàbá mi ni ìwé mi.' Ó ní àlọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìtàn. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín."

Bàbá mi ni ìwé mi. Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn wọn kò tíì gbọ́ ibi tí ọmọ ti yin bàbá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá náà ṣí fìlà, ó tún un dé. "Èmi ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín nígbà náà."

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni o ṣe?"

Ọmọ náà kọjú sí fèrèsé. "Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè wọ kíláàsì yẹn mọ́."