Rárá Kan Péré Ni Mo Sọ

Rárá o, Ẹ̀gbọ́n Inám, ẹ má bu nǹkan kan fún mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mo ti jẹun nílé kí n tó jáde, mo yó bámú, ẹ kàn jẹ́ kí n jókòó síbí kí n sọ ohun tó wà nínú mi kí inú mi má baà bẹ́! Ẹ máa yí ẹyẹlé yín nínú ìkòkò, ẹ má dá mi lóhùn, kí ẹ ṣáà máa gbọ́. Òyìnbó yẹn ti pa mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tọ́bẹ̀n ará Dẹ́nímáàkì, àlejò tí ẹ̀yin fúnra yín se pẹ́pẹ́yẹ fún, tí ẹ ní ojú rẹ̀ jọ ti ọmọ tó gbẹ̀kọ́, òun náà ló pa mí, ó sì fi ọ̀wọ̀ pa mí!

Ẹ ní kí ló ṣe? Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ni! Ṣé ẹ ti gbọ́ irú ìkà bẹ́ẹ̀ rí? Mo sọ̀rọ̀ kan, ó sì gbà á bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ní Mínyà níbí! Lójú gbogbo olùkọ́ ẹ̀ka wa!

Ẹ mọ wàhálà tí mo ṣe lórí àjọ yẹn, àjọ tó ń sanwó kí ọ̀mọ̀wé àlejò wá lo oṣù kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ àwùjọ bíi tiwa, kí òun náà sì gba ẹnì kan lára wa lálejò fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n á san ti ọkọ̀ òfurufú, ilé, oúnjẹ, gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni o. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ̀wé sí wọn. Ọdún àkọ́kọ́, wọ́n ní ìwé mi gùn jù. Ọdún kejì, ó kúrú jù. Ọdún kẹta, wọn ò tiẹ̀ fèsì. Ọdún kẹrin ni wọ́n tó gbà, mo sì sunkún ní ọ́fíìsì, wàláì, mo kọjú sí ògiri kí Wágídì má baà rí mi. Wágídì náà mà ni, Dókítà Wágídì tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi láti ọdún mẹ́tàdínlógún, tó máa ń fi ṣíbí ro tíì bí ẹni ń gbẹ́ kànga.

Èmi tí n kò jáde kúrò ní Íjíbítì rí! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta! Ìwé tí mo ti ń kọ láti ọdún mọ́kànlá, orí kan ló kù kó parí, ilé ìkàwé ibi tí Tọ́bẹ̀n ti ń ṣiṣẹ́ ni ohun tí mo fẹ́ kà fún orí náà wà, kò sì sí níbòmíràn láyé. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń bi mí ní gbogbo oṣù àwẹ̀, “Ráfátì, ìwé yẹn ńkọ́?” Èmi á sì ní ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀! Ìwé tó ń bọ̀ láti ọdún mọ́kànlá, ṣé orúnkún ló fi ń wọ́ bọ̀ ni?

Ó dáa. Tọ́bẹ̀n dé. A sì ṣe é lálejò. Ṣíṣe wo, a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ni! Dókítà Sámíyà tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka wa ló kọ́kọ́ gbà á, ewé àjàrà tí wọ́n di ìrẹsì sínú rẹ̀, ọkùnrin náà ní ó tó, Sámíyà sì tún kó ogún míì sí i láwo. Lọ́jọ́ kejì, ilé Wágídì, odindi ẹsẹ̀ àgùntàn. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀dọ̀ yín níbí. Ó gbé ọwọ́ lé àwo rẹ̀ báyìí, pé òun ò lè jẹ mọ́, ẹ sì da omi ọbẹ̀ sórí ọwọ́ rẹ̀!

Ẹ má sẹ́! Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi aṣọ ìnuwọ́ nu ìka rẹ̀. Mo sì ń rẹ́rìn-ín, mo ń sọ fún un pé ìfẹ́ ni. Èmi ọ̀mọ̀wé!

Nígbà tó di ọjọ́ keje, ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá, igba ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti jókòó sínú gbọ̀ngàn, a ti ta aṣọ funfun gbọọrọ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí sára ògiri, ọ̀gá yunifásítì ti dé tòun ti táì, àlejò wa wà ní ilé àlejò, inú ń run ún, kò lè fi ilé ìgbẹ́ sílẹ̀. Mo sáré lọ bá a. Ojú rẹ̀ ti funfun ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Ó wò mí, ó ní, “Ráfátì, nílùú wa, bí èèyàn bá ní rárá, wọ́n á gbọ́ ọ. Mo ti sọ rárá títí, ó ti rẹ̀ mí.” Ẹ̀gbọ́n mi, ojú tì mí. Ojú tì mí gan-an. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì búra fún un. Mo ní, “Láti òní lọ, láàárín èmi àti ìwọ, rárá kan ti tó. Bí o bá sọ ọ́, màá gbọ́. Bí èmi náà bá sọ ọ́, kí o gbọ́.”

Ta ló ní kí n fi èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kún un? Ẹ bá mi bi ẹnu mi! Ìbúra ti parí níbi “màá gbọ́.” Ọkùnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi olùkọ́, n kò lè dákẹ́ sí ìdajì, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní apá ọ̀tún àti apá òsì kó tó dùn mọ́ mi lẹ́nu! Ó fún ọwọ́ mi pọ̀, ó ní, “Mo gbà.” Ó sì ti gbà lóòótọ́. Èmi nìkan ni mo rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni.

Rárá, rárá, ẹ̀gbọ́n, ẹ má tì í sí ọ̀dọ̀ mi, mo ti sọ fún yín. Kódà ẹyẹlé ẹyọ kan, n kò fẹ́. Òórùn rẹ̀ nìkan ti tó mi. Ẹ ti fi àlùbọ́sà àti ata dúdú sínú ọkà tí ẹ kì sí i nínú ni? Mo mọ̀. Rárá, ẹ ṣeun.

Kí ni mo ń sọ? Ẹn-ẹ́n. Ẹ sì mọ iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì ní ẹ̀kọ́ yìí kan náà! Mo kọ ojú ìwé mọ́kànlélógójì lé e lórí! Pé níbí, bí wọ́n bá fi nǹkan lọ èèyàn, ó gbọ́dọ̀ kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àkọ́kọ́ fún ọmọlúàbí. Ìkejì kí a lè mọ̀ bóyá inú ẹni tó ń fúnni dé ibẹ̀. Ìkẹta nìkan ló jẹ́ kíkọ̀ tòótọ́. Bí ọmọ kan bá kọ ọ́ lódì nínú ìdánwò, èmi ni mo máa ń já a kulẹ̀! Tọ́bẹ̀n náà sì ka ìwé yẹn, ó fàlà sí i nídìí, ó ní iṣẹ́ tó dára ni.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, aago méjì ọ̀sán, a kó ara wa jọ sí yàrá tíì láti dágbére fún un. Gbogbo wa. Tọ́bẹ̀n dìde, ó gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ dání, ó ní, “Ráfátì, àyè tó wà lọ́dọ̀ wa, ìwọ ni mo fẹ́ kó gbà á. Ṣé wàá wá?”

Ẹ̀gbọ́n mi. Ọkàn mi fò. Ọdún mẹ́rin! Ọdún mọ́kànlá! Ẹnu mi ti fẹ́ẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wàláì, mo gbọ́ ọ lórí ahọ́n mi, àfi bí ọwọ́ ọ̀tún mi ṣe gbéra fúnra rẹ̀, ó lọ bà lé àyà mi, mo tẹríba, mo sì ní, “Rárá, rárá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, n kò ní wá yọ yín lẹ́nu, ẹ mú àwọn ọ̀dọ́.”

Àwọn ọ̀dọ́! Nínú yàrá tí èmi ti kéré jù lẹ́yìn Sámíyà! Wágídì fi ọdún méjì jù mí, eyín rẹ̀ ìsàlẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ!

Mo wolẹ̀. Mo ń dúró. Rárá méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyọ kan la máa ń kà á, gbogbo ará ibí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo yàrá ń dúró pẹ̀lú mi. Mo ti ń ṣètò rárá kejì sílẹ̀, èyí tó máa ń rọ̀ díẹ̀. Tọ́bẹ̀n wò mí pẹ́. Mo rí i pé ó dùn ún. Ó wá ní, “Ó dáa, ọ̀rẹ́ mi. Mo gbọ́.” Ó sì jókòó, ó mu tíì rẹ̀!

Ó mu tíì, Ẹ̀gbọ́n Inám! Ó fi ṣúgà sí i!

Kò tán síbẹ̀. Sámíyà, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ó rí i pé ilé ń jó, ó ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ohun tí Ráfátì ń sọ ni pé…” Kí ni mo ṣe? Èmi fúnra mi ni mo pa á lẹ́nu mọ́! Mo ní, “Dókítà Sámíyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Mo rò pé ìbéèrè kejì ń bọ̀ lọ́nà ni, n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi tọrọ ohun tí wọ́n máa fi ẹ̀yẹ fún mi. Ẹ̀yẹ! Wágídì wúkọ́. Mo gbọ́ ìdùnnú nínú ikọ́ yẹn.

Mo tún sin ín dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Mo gbé àpótí rẹ̀, mo ní bóyá ibẹ̀ ni yóò ti bi mí. Ó dì mọ́ mi, mo ní lọ́kàn mi, ó yá, ó yá wàyí! Ó ní, “Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o bá mi dúpẹ́ pẹ́pẹ́yẹ.” Ọkọ̀ gbéra. Mo ń rìn tẹ̀ lé fèrèsé rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń juwọ́, títí ilẹ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe fi tán lẹ́sẹ̀ mi. Ọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta!

Lẹ́tà wá wọlé sórí fóònù mi láàárọ̀ yìí. Ẹ gbọ́ o: “Ọ̀rẹ́ mi, ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún rárá rẹ gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe ìlérí fún ara wa. Àjọ ń fẹ́ orúkọ kan kó tó di aago mẹ́rin òní. Dókítà Wágídì ti kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mẹta pé òun fẹ́. Ìwọ lo mọ àwọn èèyàn rẹ. Ta ló yẹ? Orúkọ tí o bá fi ránṣẹ́ ni màá kọ sílẹ̀.”

Ṣé ẹ rí ìyà! Kí n fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ Wágídì! Wágídì tó ra búrẹ́dì ẹlẹ́wà méjì wá sórí tábìlì mi láàárọ̀, tó ní kí n mú, mo ní rárá, ó sì jẹ méjèèjì lójú mi. Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì! Ó ti di ará Dẹ́nímáàkì kó tó wọ ọkọ̀!

Kí ni? Kí n kọ orúkọ ara mi? Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Kí èèyàn jókòó kó ní èmi ló yẹ? Kí Bàbá wa gbọ́ ọ nínú sàréè? Rárá, kò ṣeé ṣe, màá kọ Wágídì, kí ó máa lọ, kí òtútù ibẹ̀ mú eyín rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èmi á jókòó síbí, màá máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì pé…

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe yẹn? Ẹ ti ń bò ó? Ta lẹ ń gbé ẹyẹlé yẹn lọ fún? Ìyá Hísàámù nísàlẹ̀? Kí ló dé, kí ni Ìyá Hísàámù ṣe fún yín? Mo ní rárá, lóòótọ́ mo ní rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ bi mí, Ẹ̀gbọ́n Inám! Ẹ̀ẹ̀mejì! Ẹ̀yin tí ẹ tọ́ mi dàgbà! Ẹ ò ní…

Kí lẹ wí?

“Ó dáa, mo gbọ́”? Ẹ tún un wí.

Hà! Háà-hà-hà! Súbúhánálláì! Ẹ̀yin náà! Ẹ ti ń gbọ́ mi láti ìgbà tí mo ti jókòó ni, àbí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi! Hà! Ikùn mi o!

Ó dáa. Ẹ gbé e padà. Mo fẹ́ ẹ. Irọ́ ni mo pa, n kò jẹ nǹkan kan láti àná, ebi ń pa mí, ojú mi ń ṣú. Ẹ gbé e síbí, gbogbo rẹ̀. Aago mélòó ló lù? Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù? Ẹ mú fóònù yìí, ọwọ́ mi ti kan ọ̀rá, ẹ wọ awò ojú yín, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́. “Tọ́bẹ̀n, èmi Ráfátì ni. Mo fẹ́ wá.” Rárá, ẹ má fi “bí kò bá ní yọ yín lẹ́nu” sí i, ẹ pa á rẹ́! “Mo fẹ́ wá.” Ó parí. Ẹ fi ránṣẹ́.

Ṣé ó ti lọ?

Ó ti lọ. Ọlọ́run mi, ó ti lọ. Ẹ bu ẹyẹlé kejì, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bi mí. Ẹ bù ú.