Ọkàn Mi Kọ̀, Kò Kúrò ní Kíláàsì Ìṣirò

Iná kọ́! Ọ̀gá Ledesma, mo ní iná kọ́, tùràrí ni, tùràrí lásán, igi tín-ínrín báyìí! Ẹ̀rọ yín tó wà lókè àjà yẹn ló ń ṣe àṣejù, ṣé nítorí èéfín tùràrí ló ṣe yẹ kó máa figbe ta bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì á fi tú jáde sínú oòrùn, títí kan àwọn tó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ? Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣọ́ ọgbà ilé-ìwé yìí, ẹ mọ iná bẹ́ẹ̀ ẹ mọ èéfín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé iná. Ẹ má sì wo ìyá àgbà mi bẹ́ẹ̀ yẹn. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n sì ti ka gbogbo ohun tó wà lójú yín.

Adìẹ? Ta ló dárúkọ adìẹ? Ó dáa, adìẹ tiwa ni. Kí ló ṣe yín? Abẹ́ tábìlì yín ló jókòó sí jẹ́jẹ́, ó tiẹ̀ ní sùúrù ju gbogbo àwa tó wà nínú ọ́fíìsì yìí lọ. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, torí bí ẹ bá gbọ́ ọ tán tí àánú mi ò ṣe yín, á jẹ́ pé òkúta ni yín.

Èmi Panhia, ọmọ ilé Moua, ìṣirò ti gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nílé-ìwé yìí. Kì í ṣe pé n kì í kàwé o! Mò ń kà á títí ojú mi á fi pọ́n. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, mo jókòó síbi ìdánwò, mo mọ̀ ọ́n, mo fi ìrẹsì tí mo jẹ láàárọ̀ búra pé mo mọ̀ ọ́n, àfi bí afẹ́fẹ́ ṣe gbá ilẹ̀kùn yàrá yẹn pàà! sẹ́yìn mi. Mo ta gìrì. Gbogbo ohun tó wà lórí mi fò lọ. Orúkọ mi nìkan ni mo rí kọ, mo sì tún ṣì í kọ.

Mo délé, n ò lè jẹun. Mò ń bu iyọ̀ sínú kọfí. Mo pe ajá wa lórúkọ àbúrò bàbá mi, èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé àbúrò bàbá mi wà nítòsí, wọ́n sì dáhùn. Ìyá àgbà wò mí títí, wọ́n ní, "Níbo lo ti ta gìrì kẹ́yìn?" Mo ní kíláàsì ìṣirò. Wọ́n ní, "Ó tán. Ibẹ̀ ni ọkàn ẹ jábọ́ sí."

Ẹ má rẹ́rìn-ín! Lọ́dọ̀ àwa ẹ̀yà Hmong, ọkàn lè jábọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń jábọ́ lápò èèyàn, kí ara máa dá rìn kiri. Ibi tó bá jábọ́ sí la ti ń lọ pè é. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, kí n fi tèmi sílẹ̀ níbẹ̀ kí àwọn tó ń gbálẹ̀ gbá a dànù?

Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́ lẹjọ́ mi. Ẹjọ́ mi ni Ìyáàfin Kessler, àwọn tó ń gba àwa akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn lókè yẹn. Mo lọ bá wọn kí wọ́n bá mi kẹ́dùn. Wọ́n ní kí n gba kíláàsì ìgbà ooru. Mo ní ìṣirò kan náà? Wọ́n ní ìṣirò kan náà. Mo ní fún ọ̀sẹ̀ mélòó? Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń ta mí lọ́rẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ohun tí mo fi odindi oṣù mẹ́rin jẹ tí kò kọjá ọ̀nà ọ̀fun mi, wọ́n ní kí n wá gbé e mì káló! Ẹni tí àpò ìrẹsì wúwo fún, ṣé sísáré ni yóò fi gbé e? Ẹ dá mi lóhùn.

Bàbá mi ní tiwọn ní kí n gbàgbé kíláàsì, kí n wá sóko. Ìgbà ooru ni ejìnrìn wa ń so, ìgbà ooru ni ẹ̀wà gígùn ń so, ewé tíì sì ti ga jù mí lọ, ta ni yóò gé e? Wọ́n ní ilẹ̀ ò fún ẹnikẹ́ni ní òdo rí. Irọ́ funfun báláú! Lọ́dún tí kànga wa gbẹ, kí la ká lóko yẹn bí kì í bá ṣe òdo?

Bẹ́ẹ̀, bí n ò bá gba kíláàsì yìí, àyè tí wọ́n fi pamọ́ fún mi níbi ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì di ti ẹlòmíì nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Bí mo bá sì gbà á tí mo tún fìdí rẹmi, ó parí nìyẹn, wọn kì í fún èèyàn láyè lẹ́ẹ̀kẹrin. Òní sì ni ìforúkọsílẹ̀ ń parí. Òní olónìí yìí! Ẹ wo aago yín.

Ẹ ní kí ló dé tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni dandan? Ẹ wo ìyá àgbà yìí. Eyín mi ò tíì pé lẹ́nu tí mo ti ń bá wọn lọ sílé ìwòsàn, èmi ni mò ń túmọ̀ ohun tí dókítà bá wí. Ọmọ tó yẹ kó máa ṣeré, ó dúró láàárín àgbà méjì, ó ń wá ohun tí wọ́n ń pe kíndìnrín ní èdè Hmong! Mo fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, kí ìyá àgbà ẹlòmíì wọlé, kí èmi fẹnu ara mi bá wọn sọ̀rọ̀, kí ọmọ-ọmọ wọn lè jáde lọ ṣeré. Kò ju ìyẹn náà lọ. Ó wá di pé ìṣirò ló dábùú ọ̀nà mi, bí ẹni pé aláìsàn á sọ fún mi pé X ló ń ro òun!

Bá a ṣe wá lónìí nìyẹn. Ìyá àgbà ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pinnu ohunkóhun nígbà tí ọkàn ò sí nílé. Wọ́n gbé adìẹ, wọ́n gbé ẹyin, wọ́n bu ìrẹsì, a wọ bọ́ọ̀sì. Awakọ̀ wo adìẹ, adìẹ wo awakọ̀, awakọ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. A bá yàrá yẹn ní ṣíṣí, àwọn tó wà níbẹ̀ ti lọ jẹun ọ̀sán. Ìyá àgbà tan tùràrí, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. "Panhia o, má dúró sábẹ́ àga, má dúró sára pátákó, máa bọ̀ nílé, ìrẹsì ti jinná, aṣọ ẹ ti gbẹ lórí okùn, màmá ẹ ń wá ẹ." Ọ̀gá, omi bọ́ lójú mi. N ò ní purọ́ fún yín.

Wọ́n wá ju ìwo sílẹ̀, ìwo ẹfọ̀n tí wọ́n là sí méjì, bó bá ṣe ṣubú la fi ń mọ ohun tí ọkàn wí. Wọ́n bi í, ṣé ó ń bọ̀ nílé? Rárá. Wọ́n fi adìẹ bẹ̀ ẹ́. Rárá. Wọ́n fi ẹyin lé e. Rárá! Wọ́n ní àbí ẹnì kan ló so ó mọ́lẹ̀ ni? Rárá. Ìyá àgbà wá wo pátákó, wọ́n wo àwọn àga tó tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n rọra bi í pé, "Àbí o fẹ́ dúró síbí ni?" Pàá! Ìwo gbà lójú ẹsẹ̀! Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ọkàn ẹ ò sọnù, ọmọ mi. Ọkàn ẹ ń kàwé. Ara ẹ ló ń sá kiri. Yáa lọ forúkọ ara ẹ sílẹ̀, kó lọ bá a." Ibẹ̀ ni wọ́n dé tí ẹ̀rọ yín fi pariwo.

Ẹ wá wo ìyànjẹ! Ìyáàfin Kessler ń tì mí síwájú, bàbá mi ń fà mí sẹ́yìn, mo ní ó kéré tán ọkàn tèmi á wà lẹ́yìn mi, àṣé ó ti lọ jókòó síwájú kíláàsì, kò tiẹ̀ bi mí léèrè!

Ẹ̀rù ló ń bà mí, Ọ̀gá. Títí di àárọ̀ yìí, bí wọ́n bá ní mo fìdí rẹmi, mo ní àwíjàre, ọkàn mi ò sí nílé. Bí ara àti ọkàn bá wá jọ wà lórí àga kan náà, tí mo tún gba òdo, kí ni mo fẹ́ wí? Á jẹ́ pé olódo ni mí lóòótọ́.

Kí lẹ wí? Ẹ sọ̀rọ̀ sókè. Yàrá wo? Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi nísàlẹ̀ ni. Kí ló dé tí ojú yín yí padà? Ẹ ti jókòó níbẹ̀ rí? Ẹ̀yin? Ìṣirò yìí kan náà? Ẹ ò sì padà síbẹ̀ mọ́, ẹ ní ẹ fẹ́ ṣọ́ géètì fúngbà díẹ̀, ẹ wá wà nídìí ẹ̀ títí irun yín fi funfun?

Ẹ dúró ná, ìyá àgbà ń sọ nǹkan. Wọ́n ní... ẹ má bínú o, èmi kọ́, mo kàn ń túmọ̀ ni. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń pe ọkàn mi, ẹnì kan ń jẹ́ hòo láti ẹ̀yìn kíláàsì. Wọ́n ní ohùn ọkùnrin ni, àwọn rò pé etí ń ṣe àwọn ni.

Háà! Háà-hà-hà! Ọ̀gá Ledesma! Láti ọdún wo lẹ ti wà níbẹ̀? Ẹ dìde! Mo ní ẹ dìde, ẹ pa ìwé yẹn dé, ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ fẹ́ẹ́ tì, orúkọ èèyàn méjì la sì fẹ́ lọ kọ.