Ọjọ́ Tí Mo Dárúkọ Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ohùn ọpẹ́ sókè! Ògo ni fún Ọlọ́run tó la ẹnu mi! Halelúyà!

Ẹ mọ̀ mí, èmi Màmá Sáárà. Nígbà Rèfólúṣọ̀n, tí ìjọba ológun ní ká máa pe ara wa ní kamarádì, lọ́dún tí ọyẹ́ mú gan-an, iná ìgbẹ́ jó oko wa lọ́nà ìlú Kíká. Ó jó iṣu jíjẹ, ó jó èyí tá a tọ́jú fún gbígbìn. Ọkọ mi sáré lọ pa iná, iná sì jó o lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Orí ẹní ló wà. Ọmọ mẹ́rin ń wò mí lójú.

Delegé, aṣojú ìjọba lábúlé wa, wá kéde pé ìjọba máa fún àwọn tí oko wọn jóná lówó àti irúgbìn, kí wọ́n wá kọ orúkọ sílẹ̀. Ọkọ mi ò lè dìde. Èmi àti àbúrò rẹ̀ la lọ. Akọ̀wé ni mò ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ọkọ mi ló tọ́ ọ. Iṣu oko yẹn ló fi rán an nílé ìwé.

Òṣìṣẹ́ ìjọba bi mí pé, "Kamarádì, kí ni orúkọ ọkọ yín?"

Ẹ̀yin ìyá, ta ló jẹ́ dárúkọ ọkọ rẹ̀ láàárín èrò? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí Akọ̀wé bá mi sọ ọ́. Faransé ló fi sọ ọ́, ó yára sọ ọ́ débi pé mi ò dá orúkọ kankan mọ̀ níbẹ̀. Mi ò gbọ́ Faransé, mo rò pé ìwé tó kà ló ń fi hàn wá. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà.

Ọjọ́ tí wọ́n ń pín in dé. Wọ́n pe orúkọ títí, wọn ò pe tiwa. Wọ́n wá pe Akọ̀wé, wọ́n ní òun ni oko iṣu rẹ̀ jó lọ́nà Kíká. Ó sì dìde. Akọ̀wé tí kò ní ebè kan ṣoṣo níbẹ̀!

Mo ní irọ́ ni. Òṣìṣẹ́ bi mí pé ta ló wá ni oko náà. Gbogbo ilé ọkọ mi jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wolẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà mí sílẹ̀. Ó dùn mí dé egungun. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àgbà, mo sì là á síta: "Dáníẹ́lì Ọláìtán ló ni oko!"

Olórí ẹbí dìde. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí ni. Ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo fún Dáníẹ́lì nílẹ̀ náà." Òṣìṣẹ́ pa orúkọ Akọ̀wé rẹ́, ó kọ ti ọkọ mi rọ́pò. Jésù, o ṣeun! O ṣeun, Bàbá!

A gbin irúgbìn náà, ó hù. Ẹsẹ̀ ọkọ mi san. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo ròyìn fún un, kò bínú pé mo dárúkọ òun. Ó kàn bi mí pé, "Àbúrò mi ńkọ́? Kí ló sọ?" Mo ní kò sọ nǹkan kan. Ó kọjú sí ògiri, ó sunkún. Iná ò mú kó sunkún o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú wàhálà, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú fi ọ̀rọ̀ yín sí ẹnu ẹlòmíì. Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi á gbọ́ tiyín. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbàdúrà, torí mi ò tíì lè dáhùn ìkíni àbúrò ọkọ mi. Ó wà láàárín yín níbẹ̀ yẹn, ó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rí mi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀.