Egbò Tó Wà Lábẹ́ Gàárì

Àsàlámù aláékùm o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dá mi lóhùn dáadáa, kí n lè mọ̀ pé ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wá. Ẹ̀hẹ́n! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ẹni tó ń gun ẹṣin, tó sì dá ẹṣin tí wọ́n ń gùn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa, ẹni tó ṣàánú ènìyàn tó sì ṣàánú ẹranko.

Inú mi dùn lónìí, ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn tó. Súwébátù ọmọ ọmọ mi ti parí Kùránì. Èmi tí mi ò lè ka ojú ìwé kan dé ìsàlẹ̀, ọmọ ọmọ mi ń kà á geere bí omi òjò. Wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, wọ́n gbé e gun ẹṣin, wọ́n fi yí àdúgbò ká. Àbí ẹ ò rí bó ṣe jókòó? Ẹ̀yin ọkùnrin tó wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, nínú yín, ta ló lè jókòó bẹ́ẹ̀ lórí ẹṣin láìdi gọ̀gọ̀ rẹ̀ mú?

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń kùn sí mi láàárọ̀. Ẹ ní ìyá àgbà yìí ló dá gbogbo ayé dúró sójú oòrùn, tó ní wọn ò ní gbéra àfi tí wọ́n bá tú gàárì kalẹ̀ kí òun fọwọ́ pa ẹ̀yìn ẹṣin wò. Ìyá Káfáyà tiẹ̀ ní, "Àlájà Sínótù, ṣé ẹ fẹ́ ra ẹṣin náà ni?" Mi ò fẹ́ rà á. Ẹ jókòó. Ìdí tí mo fi pa á wò gan-an ni wáàsí mi lónìí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé lọ sílé kò ju méjì lọ. Ohun tí Ọlọ́hun fi sábẹ́ rẹ tí kò lè fọhùn, àmánà ni, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni yóò bá a rojọ́. Èkejì, ṣekárími kì í pa ẹni tó ń ṣe é nìkan.

Ọkùnrin kan wà ní Ìlọrin níbí, ahunṣọ ni, Sẹ́fíù lorúkọ rẹ̀. Ẹ má wo ara yín lójú. Ọkọ mi ni, bàbá tó bí Núhù tó bí Súwébátù. Ó ti lọ bá Ọlọ́hun. Òun ló sọ fún mi nígbà ayé rẹ̀ pé, "Sínótù, máa sọ ọ́ fún wọn. Má bò mí." Nítorí náà, mi ò ní í bò ó. Mi ò sì ní í bo ara mi.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, gàárì kan wà lára ògiri. Baba ńlá rẹ̀ ló lo gàárì yẹn láyé ijọ́un nígbà tó ń gẹṣin tẹ̀lé Ọba lọ́jọ́ ọdún. Baba ńlá kú, ẹṣin kú, bàbá ọkọ mi ò rí ẹṣin ní títí tóun náà fi lọ. Gàárì nìkan ló kù, eku sì ti jẹ tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀. Bí ọdún bá ti dé, Gàníyù ilé kejì á jókòó lórí ẹṣin tiẹ̀, á kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, á ké sí i pé, "Sẹ́fíù! Ṣé ẹ ti di ògiri yín ní gàárì? Ẹ tètè gùn ún, ká jọ máa lọ sí yídì!" Gbogbo èrò á bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà á rẹ́rìn-ín. Tó bá wọlé, kò ní í fọwọ́ kan ẹran ọdún.

Ó wá bá Ọlọ́hun dá májẹ̀mú lórí awọ ìkírun rẹ̀, mo ń gbọ́. Ó ní, "Ọlọ́hun, fún mi lẹ́ṣin. Bí O bá fún mi, mi ò ní í jẹun kó tó jẹun." Ọdún mẹ́wàá ló fi hunṣọ kó tó rí ẹṣin rà. Ẹṣin pupa ni, funfun wà níwájú orí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Gàǹbàrí tó tà á fún wa ní Dàńdà lòun ń pè é. Àwa náà ń pè é ní Dàńdà.

Háà, ẹṣin dùn ún ní! Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ní àsùbá, tí ọkọ mi bá gbé búútà láti ṣe àlùwàlá, bí Dàńdà bá ti gbọ́ kí omi ta sílẹ̀ báyìí, á yán. Àwọn ará ilé á ní ládàánì kejì ti ké. Bàbá Núhù á rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ bu omi fún un kó tó fọ ojú ara rẹ̀. Ó sì pa májẹ̀mú rẹ̀ mọ́. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní í kí mi, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni, "Ṣé ó ti jẹun?" Inú á bí mi. Mo ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé mo ti jẹun? Àbí n lọ hu ìrù kẹ́ ẹ tó rántí mi?"

Ó le náà. Ẹṣin kì í ṣe ewúrẹ́. Koríko tó ń jẹ lójúmọ́ kan, ewúrẹ́ mẹ́wàá ò jẹ ẹ́ tán. Lásìkò ọyẹ́, tí gbogbo koríko bá ti gbẹ, ọkọ mi á rìn jìnnà dé ẹ̀bá odò kó tó rí tútù gé. Ọjọ́ kan, Dàńdà na ọrùn wọ ojú fèrèsé mi, ó jẹ fìlà tí mo ń kó iṣẹ́ sí lára fún imáàmù. Ìdajì fìlà! Mo fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agẹṣin-má-jùpàkọ́, ẹṣin tó gùn yóò bá a jù ú. Gbogbo ilé tó ń ṣe yìgì, "Sẹ́fíù, gbé ẹṣin wá." Gbogbo ilé tó ń sọmọ lórúkọ, "Bàbá Núhù, ẹ fi ẹṣin yẹ́ wa sí." Kò lè sọ pé rárá. Gàárì baba ńlá rẹ̀ yẹn náà ló sì ń dì fún un nígbà gbogbo. Nígbà tí Ààwẹ̀ fi máa ku ọjọ́ díẹ̀ ká tú u, mo rí i pé bí wọ́n bá ti gbé gàárì bọ̀, Dàńdà á gbọ̀n, awọ ara rẹ̀ á máa fò pì pì pì. Eṣinṣin ò sì kúrò níbẹ̀.

A ké sí Bàbá Yáyà, àgbàlagbà tó ti ń tọ́jú ẹṣin láti kékeré. Ó ká aṣọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Sẹ́fíù, wo egbò. Ó ti ń lọ sínú. Gàárì yìí ló ń há a lẹ́yìn."

Ọkọ mi ní, "Bàbá, gàárì yìí ló gbé baba ńlá mi."

"Ta ló ní kò gbé e? Ẹ̀yìn ẹṣin mìíràn ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Ṣé bàtà baba ńlá rẹ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ yìí? Fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Má di gàárì kankan fún un fún ogójì ọjọ́."

"Ogójì ọjọ́! Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ọdún yìí kì í ṣe ti ẹṣin yìí. Gùn ún ní Iléyá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti Ìtúnu Ààwẹ̀ dé Iléyá, ọjọ́ mélòó ni? Àádọ́rin ọjọ́ péré! Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá dúró kò lè dúró fún àádọ́rin ọjọ́. A gbààwẹ̀ oúnjẹ, a ò gbààwẹ̀ ojú ayé. Omi ò kan ọ̀fun wa láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí Ọlọ́hun ń wò wá. Ta wá ló ń wo ẹ̀yìn ẹṣin?

Ọkọ mi wá bá mi níbi tí mo ti ń rán fìlà. Kò wò mí lójú. Ó ní, "Ìyá Núhù, bá mi rán aṣọ kan tí mo máa tẹ́ sábẹ́ gàárì. Kó nípọn. Kó gùn wá sí ìhà méjèèjì."

Mo ní, "Bàbá Yáyà sọ̀rọ̀ o."

Ó ní, "Mo gbọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ṣé o fẹ́ kí Gàníyù tún ní kí n gun ògiri ni?"

Mi ò fẹ́. Èmi náà ń fẹ́ jẹ́ ìyàwó ẹlẹ́ṣin. Aṣọ funfun ló gbé fún mi o. Mo dá a padà fún un. Mo lọ wá pupa, mo fi òwú pupa kó iṣẹ́ sí i lára látòkè délẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ pupa? Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ́ n sọ ọ́. Ohun tí funfun máa fi hàn, pupa á gbé e mì.

Ọjọ́ ọdún pé. Ẹ wá wo Dàńdà! Iṣẹ́ ọwọ́ mi ń dán lára rẹ̀ bí iná. Gàníyù rí i, ó fa ẹṣin tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí a kírun tán ní yídì, àwọn ẹlẹ́ṣin ń sáré lọ kí Ọba, wọ́n á sáré kíkan, wọ́n á fa ìjánu lẹ́ẹ̀kan, ẹṣin á dá dúró gbọnrangandan, wọ́n á na ọwọ́ sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ mi sáré yẹn. Àwọn obìnrin ń béèrè pé, "Ta ló rán aṣọ ẹṣin yìí?" Mo ń pariwo láàárín èrò pé, "Èmi ni o! Èmi Sínótù ni!" Ọlọ́hun gbọ́ mi. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ń retí kí n sọ pé ẹṣin gbé e ṣánlẹ̀. Ẹ ní ẹni tó bá gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Áà! Ì bá gbé e ṣánlẹ̀! Ì bá tapá, ì bá ta á ní ìpá lójú gbogbo ayé, kí wọ́n gbé ọkọ mi wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán. Ẹsẹ̀ máa ń jinná. Dàńdà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé e jẹ́jẹ́, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa, ó dúró kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí a fìyà jẹ, òun ló bò wá láṣìírí.

A tú gàárì, aṣọ mi ò ká. Ó ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Bàbá Yáyà dé, ojú kan ló wò ó. Kò bú wa. Ó kàn ní, "Ẹ bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá." Nígbà tó fi omi rẹ aṣọ yẹn tó sì ká a díẹ̀díẹ̀, òórùn tó jáde níbẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn tí mo bá wà lórí ìkírun.

Lọ́jọ́ kẹta, ara Dàńdà le bí igi, ẹnu rẹ̀ dì pa. Kò lè la ẹnu. Ọkọ mi po èérí bàbà sínú igbá, ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Dàńdà, jẹun. Jọ̀wọ́, jẹun." Májẹ̀mú ńkọ́? Kò gbọdọ̀ jẹun kó tó jẹun. Èmi gbé oúnjẹ ka iwájú ọkọ mi, ọkọ mi gbé oúnjẹ ka iwájú ẹṣin, oúnjẹ méjèèjì tutù síbẹ̀. Ní àsùbá ọjọ́ karùn-ún, ó gbé búútà, omi ta sílẹ̀. Dàńdà gbọ́. Ó fẹ́ yán. Ẹnu ò là, ohùn kan kàn gba ihò imú rẹ̀ jáde. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti kú. Ilé wa tún di ilé tó ní gàárì, tí kò lẹ́ṣin.

Ọkọ mi dìde, ó lọ bá ààfáà. Ààfáà ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́hun, tọrọ àforíjìn. Èyí tó wà láàárín ìwọ àti ẹ̀dá Rẹ̀, lọ bẹ ẹni tí o ṣẹ̀, kó yọ̀ǹda fún ọ."

Ọkọ mi ní, "Ààfáà, ẹṣin ni. Ó sì ti kú."

Ààfáà ní, "Ọlọ́hun ló mọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè dáhùn jù bẹ́ẹ̀ lọ? Bí mo bá bú Ìyá Káfáyà, n ó kúnlẹ̀ fún un, á ní ó ti tán. Ẹnu wo ni ẹṣin máa fi ní ó ti tán? Ọkọ mi ṣe sàráà títí. Ó gbẹ́ ọpọ́n omi ńlá sẹ́nu ọ̀nà fún ẹran gbogbo tó bá ń kọjá, ó ń pọn omi sí i fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Á fi korobá sílẹ̀, á ní, "Sínótù, ṣé o rò pé ó ti tó?" Wọ́n ní ká má sọ̀rètí nù nínú àánú Ọlọ́hun, mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò mọ ọ̀nà tí àánú yẹn máa gbà dé ilé wa.

Ọjọ́ tó máa lọ, àwọn ọmọ yí i ká. Núhù ń sọ ọ́ sí i létí pé, "Bàbá, ẹ ṣe ṣàhádà. Bàbá, ẹ pe Ọlọ́hun." Ó la ojú, èmi ló ń wò. Ó ní, "Ṣé ó ti jẹun?" Núhù tún pè é sí i. Ó ní, "Ìyá Núhù, ṣé ó ti jẹun?" Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀mí ń lọ, ṣàhádà ò jáde. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Ó ti jẹun, Bàbá Núhù. Ó ti jẹun, ó yó."

Ó mí. Ó ṣe ṣàhádà. Ó lọ.

Aṣọ kejì tí mo rán nìyẹn. Èkíní ni mo fi bo egbò ẹṣin, èkejì ni mo fi bo ti ọkọ mi. Lọ́jọ́ àlùkìyáámọ̀, tí Ọlọ́hun bá fún Dàńdà lẹ́nu, tí wọ́n wá bi í pé ṣé ó jẹun, kí ló máa sọ? Ibo ni n ó gbé ojú mi sí?

Ẹ̀yìn ẹṣin tí Súwébátù gùn lónìí mọ́, ó dán, kò sí egbò. Ká ní mo rí egbò bí orí abẹ́rẹ́ níbẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ni ọmọ mi ì bá fi rìn, kí gbogbo yín bínú sí mi. Ẹ lọ sílé lónìí, kí kálukú tú gàárì tiẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà lọ́dọ̀ rẹ, màlúù rẹ, ìyá rẹ tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ lórí ibùsùn, fọwọ́ pa ẹ̀yìn wọn wò.

Ọlọ́hun Ọba, Ìwọ tí aṣọ kankan ò lè bo nǹkan mọ́ Ọ lójú, tọ́ wa sọ́nà kí á tó di gàárì. Má fi ẹ̀dá Rẹ tí kò lè fọhùn ṣe ẹlẹ́jọ́ wa. Sẹ́fíù dá májẹ̀mú pẹ̀lú Rẹ, ó jẹun lẹ́yìn tí ẹṣin rẹ̀ ò lè jẹun mọ́. Bá wa bẹ Dàńdà. Àwa ò mọ èdè rẹ̀. Àmín, ẹ bá mi ṣe é, àmín.