Mo Lọ Kí Wọ́n Tó Sọ Oore-Ọ̀fẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. N kò mọ ọjọ́ náà. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ fún wa níbí. Bí a bá ti gbọ́ ìró bàtà àwọn wọ́dà tó pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ, gbogbo wa á dákẹ́ títí a ó fi mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n dúró sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọjá tèmi.

Mo jẹ̀bi. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, nítorí akọ̀ròyìn ni mí, wọ́n sì kọ́ wa pé kí ohun tó ṣe pàtàkì jù wà lókè. Mo pa Mùfútáù, ayafọ́tò, ọ̀rẹ́ mi. N kò kọ èyí kí ẹ lè káàánú mi. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe débẹ̀, mo sì fẹ́ sọ nípa bàbá arúgbó kan tó mọ bí a ṣe ń parí nǹkan.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ́fíìsì wa wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ẹnuwá, Ilé-Ifẹ̀. Mo ń gbé ní àdúgbò Mayfair, nínú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún. Àwọn ènìyàn mọ orúkọ mi. Bí mo bá wọ òde, wọn á gbé àga fún mi níwájú.

Olóòtú wa ní òfin kan: "Ẹni tí kò bá dúró gbọ́ oore-ọ̀fẹ́ kò tíì lọ sóde." Ohun tó ń sọ ni pé kí akọ̀ròyìn dúró títí wọn yóò fi parí ìsìn tàbí ìpàdé, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sọ oore-ọ̀fẹ́ ìparí, kí wọ́n túká. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń sáré kiri ìlú mọ ọgbọ́n mìíràn. Ìwé ètò wà. Orúkọ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, orin tí wọ́n fẹ́ kọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ síbẹ̀. Kí ló wá kù? Kí èèyàn gba ìwé ètò, kó jókòó díẹ̀, kó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Òkè-Ogbó ni mo kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n ń pe ìdílé kọ̀ọ̀kan síwájú, ìdílé sì pọ̀. Páànù ń gbóná lórí wa, ebi ń pa mí. Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé ètò: "Àdúrà ìparí: Bàbá Tíṣà." Mo rọra yọ jáde. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo kọ ọ́ pé Bàbá Tíṣà fi àdúrà tó wọni lára parí ìsìn náà. Mo tilẹ̀ kọ àdúrà ọ̀hún sílẹ̀. Orí ara mi ni mo ti rí i.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá náà gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa wá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ó ká ìwé ìròyìn sábẹ́ apá.

"Ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, sà. Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jókòó, sà."

Kò jókòó. "Àdúrà yìí dára. Ó dára ju èyí tí èmi ì bá gbà lọ. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gbà á. Ikọ́ ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá Rákélì ni wọ́n pè."

Mo rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àdúrà ṣáà ni gbogbo rẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

"Ìyá Rákélì mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹnikẹ́ni ò pè é síwájú rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n pè é, o gbà á lẹ́nu rẹ̀, o fi sẹ́nu mi. Jọ̀wọ́, bá wa tún un ṣe."

"A ó tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, sà."

N kò tún un ṣe. Bí bàbá náà ti ń sọ̀ kalẹ̀, Mùfútáù, tí gbogbo wa ń pè ní Mùfú, ń rẹ́rìn-ín nídìí kámẹ́rà rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Ìdajì! Bàbá arúgbó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítorí ẹ. Ojú ò tì ẹ́?"

"Ìwọ tí o máa ń pẹ́ lóde, ṣebí ìrẹsì lò ń dúró jẹ."

"Mò ń jẹ ìrẹsì, mo sì ń ya fọ́tò. Kámẹ́rà tèmi ò lè ya ohun tí kò ṣẹlẹ̀."

Orúkọ yẹn mọ́ mi lára. Ọ̀gbẹ́ni Ìdajì.

Ọ̀rọ̀ bàbá náà bí mi nínú débi pé mo lọ wádìí rẹ̀, bóyá mo lè rí ìdọ̀tí kan tí mo máa fi pa á lẹ́nu mọ́. Aládùúgbò rẹ̀ kan sọ fún mi pé: "Ọdún mọ́kànlá ni àìsàn fi dá ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Òun ló ń bá a dirun. Kò mọ irun dì rárá, gbogbo rẹ̀ á wọ́, màmá á máa fi í rẹ́rìn-ín." Ọkùnrin kan tí bàbá náà kọ́ níléèwé sọ pé: "Ọjọ́ tó máa fẹ̀yìn tì, wọ́n ti kó ẹ̀bùn dúró níta dè é. Ó kọ́ wa ní ìṣirò títí agogo fi lù." Nígbà tó di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin obì. Wọ́n bi í léèrè ìgbà tó máa jẹ ẹ́. Ó ní, "Èmi kọ́ ni máa jẹ ẹ́. Iṣẹ́ àsìkò tí mo wà ni mò ń ṣe."

N kò rí ìdọ̀tí kankan. Nítorí náà n kò kọ nǹkan kan. Báyìí ni mo ṣe rí ìròyìn tó dára jù tí mo rí ní Ifẹ̀, tí mo sì jù ú nù.

Láti ìgbà yẹn, n kì í dúró parí òde mọ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ń ṣí ilé ìwòsàn ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú. Baálẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo gba ìwé ètò, mo wọkọ̀ padà sílé, mo sì kọ ohun tí baálẹ̀ sọ, gbólóhùn mẹ́ta tó dùn létí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé baálẹ̀ ṣubú lórí àga kó tó kàn án láti sọ̀rọ̀. Ó kú nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ìlú. Mùfú wà níbẹ̀. Òun ló bá wọn gbé e, ó sì dúró ti àwọn ọmọ rẹ̀. Kó tó padà dé, a ti tẹ ìwé ìròyìn.

Àwọn ọmọ baálẹ̀ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa. "Ta lẹni tó gbọ́rọ̀ lẹ́nu òkú? Ẹ fi hàn wá!"

Olóòtú pè mí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ sọ mí di olórí àwọn akọ̀ròyìn. Mo la ẹnu, mo ní, "Mùfú ló sọ fún mi pé baálẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, sà."

Olóòtú ní, "Kí Mùfú kó fọ́tò rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé, ká fojú rí ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ bá Mùfú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Ogbó, tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá Tíṣà.

"Mùfú, mo ti sọ fún olóòtú pé ìwọ lo sọ ọ́ fún mi. Jọ̀ọ́, sọ pé fíìmù náà bàjẹ́."

"Kí n parọ́ mọ́ ara mi kí o lè di ọ̀gá?"

"Ṣebí ọ̀rẹ́ ni wá."

"Torí ọ̀rẹ́ ni wá ni mo ṣe ń sọ fún ẹ. Lọ bá olóòtú, sọ pé o ò dúró. Á bínú, á sì tán. Parí nǹkan kan láyé ẹ, Ọ̀gbẹ́ni Ìdajì."

Mo já fíìmù náà gbà lórí tábìlì. Ó di ẹ̀wù mi mú. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà lé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo fi lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣubú sẹ́yìn tábìlì. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Má lọ."

Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí àlejò rẹ̀ fẹ́ tètè dìde.

Mo lọ. Mo fa ilẹ̀kùn dé.

Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo pàdé Bàbá Tíṣà tó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ìwọ nìyẹn? Ṣé Mùfú wà ní ṣọ́ọ̀bù? Mo fẹ́ gba fọ́tò mi."

"Kò sí níbẹ̀, sà. Ó ti jáde."

"Ó dáa, ọmọ mi. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ."

Ó yí padà sílé.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó rántí pé òun rí alùpùpù Mùfú níta, ó sì padà wá. Mùfú ṣì ń mí. Bàbá ké sí àwọn aládùúgbò, wọ́n fi ọmọlanke gbé e dé títì, wọ́n sì wá ọkọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn. Bàbá jókòó tì í. Mùfú dárúkọ mi fún un. Nígbà tí Bàbá rí i pé ẹ̀mí fẹ́ bọ́, òun tí í ṣe Kristẹni láti kékeré ránṣẹ́ pe àbúrò bàbá Mùfú pé kó wá bá a sọ ohun tí àwọn Mùsùlùmí máa ń sọ fún ẹni tó ń lọ. Bàbá dì í lọ́wọ́ mú títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Mùfú kú. Ìyá Rákélì sọ pé ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun dé ṣọ́ọ̀ṣì tí òun kò bá Tíṣà ní ẹnu ilẹ̀kùn tó máa ń ṣí.

Ní kóòtù, dókítà sọ pé bí wọ́n bá ti tètè gbé Mùfú dé ni, ì bá má kú. Lọ́yà mi dìde sí Bàbá Tíṣà.

"Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́rin."

"Ojú yín ńkọ́?"

"Ojú mi ò dáa mọ́. Etí mi dáa. Ó kí mi, mo bi í léèrè, ó dá mi lóhùn. Mo sì gbà á gbọ́."

Lọ́yà ní ó tó. Bàbá yíjú sí adájọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n parí. Nígbà tí wọ́n mú un dé àgọ́ ọlọ́pàá, mo wà níbẹ̀. Ó sunkún. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Wọ́n dá mi lẹ́jọ́ ikú. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́dà ní mo ní àlejò. Bàbá Tíṣà ló wọkọ̀ láti Ifẹ̀.

"Kí lẹ wá ṣe, sà?"

"Mo wá kí ẹ. Ṣé kí n má wá ni?"

Oṣooṣù ló ń wá. Ó mú Bíbélì kan wá, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́, kí èmi máa kà á, kí òun máa gbọ́. Mo ní, "Bàbá, ó gùn. Mo lè máà pẹ́ láyé, ẹ̀yin náà sì ti dàgbà." Ó ní, "Àwa méjèèjì la ò mọ ibi tá a máa parí sí. Kà á."

Lẹ́yìn náà ni lọ́yà mi gbé ìwé kan wá fún ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ó fẹ́ kí n fọwọ́ sí i pé Mùfú ló kọ́kọ́ gbé irin sí mi, àti pé arúgbó kò rántí nǹkan dáadáa. Ó ní láìsí i, kò sí ìrètí. Mo fi han Bàbá.

"Bí mo bá fọwọ́ sí i, sà, mo lè yè."

Ó ní, "Mo fẹ́ kí o yè. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìyá Mùfú wà láyé. Bí o bá kọ èyí, o ti pa ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. N kò ní di ọwọ́ rẹ mú. Akọ̀ròyìn ni ọ́. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

N kò fọwọ́ sí i, n kò sì fà á ya. Ó wà lábẹ́ ẹní mi.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin Bàbá ló wá. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Ó ní Bàbá ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó jókòó sórí àga ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀," ni ó wí. "Ó ní Ìyá Rákélì ni kó gba àdúrà ìparí níbi ìsìnkú òun, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí n sì mú un wá fún yín. Ó ní ẹ máa mọ ìdí rẹ̀."

Ohun tó kọ nìyí: "Olúwa, Tíṣà ti ṣe tiẹ̀ tán. Àwa ò tíì ṣe tán. Má jẹ̀ẹ́ ká sá kúrò lóko nígbà tí oòrùn bá mú. Rántí ọmọ tó wà lẹ́wọ̀n. Àmín."

"Ǹjẹ́ wọ́n sọ oore-ọ̀fẹ́?" ni mo bi í.

"Wọ́n sọ ọ́. Gbogbo wa la dúró."

Ọjọ́ yẹn ni mo fa ìwé lọ́yà ya. Mo kọ òmíràn: mo lu Mùfú, òun kò lù mí, ó ní kí n má lọ, mo lọ, mo parọ́ fún Bàbá Tíṣà, ìrántí bàbá náà sì pé. Mo kọ irú rẹ̀ sí ìyá Mùfú. Kò tíì fèsì. Kò jẹ mí ní èsì. Àtúnṣe kan tún kù tí mo jẹ Bàbá, òun nìyí: ní ọjọ́ Ìkórè yẹn ní Òkè-Ogbó, Bàbá Tíṣà kọ́ ló gbàdúrà ìparí. Ìyá Rákélì ni. Èmi kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rò pé ọjọ́ tí mo gbé irin ni mo di apànìyàn. Ọjọ́ tí mo yọ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣe é títí agogo yóò fi lù. Ẹni tí ó bá ń ṣàìsàn lọ́dọ̀ yín, ẹ dirun rẹ̀, bó tilẹ̀ wọ́. Bí ẹ bá ti ṣìnà, ẹ padà lọ sọ ọ́ nígbà tí ó ṣì kéré, kí ẹni tó bá máa bínú bínú, kó sì tán.

Èmi àti Bàbá ò ka Bíbélì náà tán. Mò ń dá a kà lọ báyìí, mo sì ń kà á sókè, bí ẹni pé ó ń gbọ́. Bí ìró bàtà wọ̀nyẹn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ibi tí mo bá kà dé ni màá sàmì sí. Lówùúrọ̀ yìí mo gbọ́ wọn. N kò sá lọ sí igun yàrá bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo jókòó sí ojú kan.

Mùfú, n kò lọ.