Yàrá Màmá Tí Wọ́n Kùn Ní Búlúù

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Kétu, níwájú ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà tí mo ti ń retí kí wọ́n po ọ̀dà géètì mi, ni obìnrin kan wọlé tọ ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní funfun. Mi ò fẹ́ búlúù dúdú tí ẹ tà fún mi lọ́jọ́sí mọ́."

"Aunty, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní yàrá Mummy yín ti kéré jù, ẹ fẹ́ kó dà bíi pé ó fẹ̀. Ṣé kò fẹ̀ ni?"

"Ó fẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí Mummy bá dùbúlẹ̀, ọwọ́ wọn máa ń kan ògiri. Ọjọ́ kejì tí a kùn ún, wọ́n nawọ́, kò kàn án. Wọ́n ní, 'Ògiri yìí ti sún sẹ́yìn o.' Mo rẹ́rìn-ín, mo ti bẹ́ẹ̀dì mọ́ ògiri. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àlàfo tún ti wà níbẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ kùn ún?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Mo sọ fún yín pé kó má ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ."

"Mo rò pé torí kí ọ̀dà má baà ṣòfò ni."

Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ bínú, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó gbé ọ̀dà funfun kalẹ̀, àmọ́ kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

"Aunty, kí Mummy kọ́kọ́ jáde kúrò nínú yàrá yẹn kí ẹ tó fi funfun kùn ún o, torí funfun máa fa ògiri padà."

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń pè wọ́n. Wọ́n ń dáhùn, ohùn wọn kàn jìnnà ni. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀."